Orí Keje: Ìtàkùn Olódòdó Nínú Ọgbà Ilé

Ohun tí orí yìí wà fún

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí dé òpin, ó yẹ kó lè sọ ohun tí ìtàkùn olódòdó jẹ́ àti ọ̀nà tí oríṣiríṣi wọn ń gbà gùn. Kó lè ṣàlàyé ìdí tí bougainvillea kan fi ń tanná rẹpẹtẹ, tí èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé kan náà sì ń yọ ewé àti ẹ̀gún lásán. Kó lè gé ẹ̀ka gbìn, kó tọ́ ọ, kó sì rẹ́ ẹ ní àsìkò tó bá ojú ọjọ́ Ìjẹ̀bú mu. Kó sì lè fi ẹ̀rí dá àwọn tí kò fẹ́ ìtàkùn nítòsí ilé lóhùn. Ẹ̀kọ́ yìí bọ́ sábẹ́ ọ̀gbìn ẹ̀ṣọ́ nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ fún kíláàsì àgbà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé òdòdó kì í gbọ́ ti ìwé tí kò bá ilẹ̀ tó wà mu.

7.1 Kí ni ìtàkùn, báwo ló sì ń gùn?

Ìtàkùn ni ọ̀gbìn tí igi ara rẹ̀ kò lè dá gbé e nàró, tó sì ń wá ohun mìíràn gùn kí ewé rẹ̀ lè bọ́ sí oòrùn. Ìtàkùn olódòdó ni èyí tí a gbìn nítorí ẹwà ìtànná rẹ̀, yálà ó ń so èso tàbí kò so. Ọmọ Ìjẹ̀bú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìtàkùn. Ewùrà tí a ń rin fi se ìkọ́kọrẹ́, ìtàkùn ni. Àgbẹ̀ tó ń wá ọ̀pá fún un mọ̀ pé bí kò bá rí nǹkan gùn, ilẹ̀ ni yóò máa wọ́, ewé yóò bo ewé, iṣu rẹ̀ yóò sì kéré. Ẹ̀sùrú náà ń gun ọ̀pá, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yàtọ̀: ọ̀tún ni ewùrà ń lọ́ sí, òsì ni ẹ̀sùrú ń lọ́ sí, kò sì sí èyí tó ń ṣi ọ̀nà rẹ̀ gbà. Bí ọmọdé bá tú orí ewùrà, tó fi ọwọ́ lọ́ ọ sí òdì kejì, kò ní pẹ́ tí yóò fi tú ara rẹ̀ padà. Ohun tí a rí nídìí ọ̀pá iṣu yìí la ó gbé gbogbo orí yìí kà: ìtàkùn ní ìwà tí a dá mọ́ ọn, ìtọ́jú tó bá lòdì sí ìwà náà kì í mú èso wá, bó ti wù kí ó pọ̀ tó.

Ní 1865 ni Charles Darwin, onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí àwọn ìtàkùn ṣe ń gùn, ó sì pín wọn ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Ní èdè wa, a lè pe àwọn tó ń fi igi ara wọn yí ọ̀pá ká, bí iṣu, ní ìtàkùn alọ́. Ìtàkùn ọlọ́wọ́ ni èyí tó ń na nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú jáde láti fi di ohun tó bá kàn mú, bí ùgwù ti ń ṣe. Ìtàkùn oníwọ̀ ń fi ẹ̀gún rẹ̀ kọ́ ara igi mìíràn bí ìwọ̀ ẹja. Bougainvillea ni a mọ̀ jù nínú wọn. Ìtàkùn alẹ̀mọ́ ń yọ gbòǹgbò wẹ́wẹ́ lára igi rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Clematis, ìtàkùn tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìpín 7.2, tí Darwin fi ọ̀pọ̀ àkókò wò, kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, nítorí igi ewé rẹ̀ ló fi ń yí nǹkan ká. Pínpín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìtàkùn alọ́ ń fẹ́ ọ̀pá tín-ín-rín tàbí okùn, kò lè lọ́ mọ́ ògiri gbalasa. Oníwọ̀ kò lè di wáyà mú fúnra rẹ̀, àfi kí a fi àkísà rírọ̀ dì í. Ẹni tó bá gbin bougainvillea sídìí fẹ́ǹsì, tó sì ń retí pé kó gùn ún bí iṣu ti ń gun ọ̀pá, yóò dúró pẹ́.

7.2 Ohun tí clematis kọ́ wa

Nínú ìwé ọgbà tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà, clematis wà lára àwọn ìtàkùn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Oríṣi rẹ̀ tó nǹkan bí 300 káàkiri ayé. Áfíríkà náà ní tirẹ̀: Clematis hirsuta àti Clematis grandiflora wà lára àwọn tó ń hù fúnra wọn ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wa yìí. Àmọ́ àwọn olódòdó ńlá tí wọ́n ń tà ní nọ́sìrì òkè òkun, irú ‘Jackmanii’ aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n mú jáde ní Woking ní nǹkan bí 1860, ọmọ ilẹ̀ òtútù ni wọ́n. Wọ́n ń wọ́ ewé, wọ́n ń sùn ní ìgbà òtútù, wọ́n sì ń jí nígbà tí ojú ọjọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Àwọn tó ń tọ́jú wọn a máa sọ pé kí orí wọn wà nínú oòrùn, kí ẹsẹ̀ wọn wà níbi tútù. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ooru ti ń yí ká ìwọ̀n 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius láti ọdún dé ọdún, kò sí oṣù òtútù tí yóò sùn sí. Ẹni tó bá ra hóró rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ra ohun tí ojú ọjọ́ wa kò lè tọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ méjì wà lára clematis tó wúlò fún wa. Àkọ́kọ́ ni pé ohun tí ojú ń pè ní òdòdó lè má jẹ́ òdòdó. Àwọn abala aláràbarà clematis kì í ṣe àwẹ́ òdòdó gan-an. Ewé tó yẹ kó wà nídìí òdòdó láti dáàbò bò ó ló di aláwọ̀. Bougainvillea tún rékọjá bẹ́ẹ̀. Ohun pupa, funfun tàbí àlùkò tí à ń yìn lára rẹ̀, ewé ẹ̀ṣọ́ ni: ewé gidi tó wọ aṣọ òdòdó. Òdòdó tòótọ́ ni nǹkan funfun kékeré bí fèrè tó wà láàárín, mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lẹ̀ mọ́ ewé ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Nítorí pé ewé ni, kì í tètè rọ bí àwẹ́ òdòdó. Ìdí nìyẹn tí bougainvillea fi ń pẹ́ lójú.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ mọ́ ọ̀bẹ. Àwọn olùtọ́jú clematis kì í gé e kí wọ́n tó béèrè pé: lórí igi wo ló ti ń tanná, ti àtijọ́ tàbí ti tuntun? Èyí tó ń tanná lórí igi àtijọ́, ẹ̀yìn ìtànná ni wọ́n ń rẹ́ ẹ. Èyí tó ń tanná lórí igi tuntun, wọ́n ń gé e lulẹ̀ kó tó jí. Èyí tó wà láàárín méjèèjì, díẹ̀ ni wọ́n ń mú kúrò. Ìbéèrè kan yìí ni yóò gbà wá lọ́wọ́ àṣìṣe nígbà tí a bá dé ìpín 7.6.

7.3 Ojú kan náà ni ẹ̀gún àti òdòdó ti ń yọ

Brazil ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi bougainvillea han àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Philibert Commerson, onímọ̀ ewéko ará Faransé, rí i ní Rio de Janeiro ní 1767, nígbà tó wà nínú ìrìn àjò ọkọ̀ ojú omi tí Louis-Antoine de Bougainville ṣe olórí rẹ̀. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ náà ló sì ń jẹ́ títí dòní. Ó ti di ọmọ onílé báyìí ní ìlú wa, lórí fẹ́ǹsì ilé, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Bó ti mọ́ wa lójú tó, ohun tó ń mú un tanná kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n rò pé bí òdòdó kò bá jáde, ebi tàbí òùngbẹ ló ń pa á, wọ́n á wá da ajílẹ̀ sí i, wọ́n á máa bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìtàkùn náà á nà gbọọrọ, ewé rẹ̀ á dúdú minimini, kò sì ní tanná.

Àyẹ̀wò ẹ̀ka kan ṣoṣo tó láti fi àṣìṣe yìí hàn. Ní ẹsẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan ni ojú wà, ìyẹn ibi tí nǹkan tuntun ti ń hù, bí ojú iṣu. Lára bougainvillea, ojú yìí lè di ẹ̀gún, ó sì lè di ìdì òdòdó. Ẹ̀gún rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì tó kàn yọ lára èèpo. Ẹ̀ka tí ì bá gbé òdòdó ni, tó le, tó sì mú ṣóńṣó. Bí a bá gbé ẹ̀ka tó ní òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó ní ẹ̀gún, a ó rí i pé ipò kan náà ni wọ́n wà. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kì í ṣe “kí ló ń ṣe òdòdó mi?” bí kò ṣe “kí ló ń mú kí ojú náà yan ẹ̀gún?”

Ìdáhùn wà nínú bí ọ̀gbìn ṣe ń ná oúnjẹ rẹ̀. Oòrùn ni ewé fi ń se oúnjẹ. Bí omi bá pọ̀ nílẹ̀, tí náítírójìn, ìyẹn èròjà ajílẹ̀ tó ń mú ewé dára, sì pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìtàkùn á ná oúnjẹ náà sórí gígùn: ẹ̀ka tuntun, ewé tuntun, ẹ̀gún tí yóò fi kọ́ ohun tó bá gùn. Bí omi bá dínkù díẹ̀, gígùn á dúró, ṣùgbọ́n ewé kò ní dáwọ́ oúnjẹ sísè dúró lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ tó ṣẹ́ kù ni ojú náà yóò rí lò fún òdòdó. Àwọn tó fi bougainvillea sínú ilé ìwádìí, níbi tí wọ́n ti ń ṣàkóso iná àti òkùnkùn, rí ohun tó bá èyí mu: níbi tí ọ̀sán ti kúrú tí ìmọ́lẹ̀ sì lágbára, ìdì òdòdó ń yọ, níbi tí ọ̀sán ti gùn tàbí tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, ẹ̀ka ń gùn, ẹ̀gún sì ń pọ̀.

7.4 Oòrùn, òjò àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ìjẹ̀bú-Òde súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé, kò tó ìwọ̀n méje sí i ní àríwá. Nítorí èyí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún, ní oṣù Òkúdu (oṣù kẹfà), àti èyí tó kúrú jù, ní oṣù Ọ̀pẹ (oṣù kejìlá), kò tó wákàtí kan. Gígùn ọ̀sán nìkan kò lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ ńlá tí à ń rí láàárín bougainvillea ìgbà òjò àti ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló ń pàdé pọ̀ ní ìparí ọdún. Ọ̀sán kúrú díẹ̀. Òjò ti dáwọ́ dúró, ilẹ̀ sì ń gbẹ. Ìkùukùu ti lọ, oòrùn sì ń ta gan-gan. Ní oṣù Òkúdu àti Agẹmọ (oṣù keje, tó ń jẹ́ orúkọ ọdún ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú), òdìkejì gbogbo rẹ̀ ni: ọ̀sán gùn, òjò ń rọ̀, ojú ọ̀run sì dúdú. Òjò ọdún kan ní agbègbè wa máa ń kọjá 1,500 mìlímítà, ìgbà méjì ló sì ń ga: ní nǹkan bí oṣù Òkúdu, àti ní Ọwẹwẹ sí Ọ̀wàrà (oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá), pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ìdí nìyí tí bougainvillea wa fi ń dára jù láti oṣù Bélú (oṣù kọkànlá) títí òjò tuntun yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé òun ti rí bougainvillea tó tanná láàárín òjò. Òótọ́ ni. Àmọ́ ibi tí irú rẹ̀ wà ni kí a wò. Inú kòkò ni púpọ̀ nínú wọn wà, tàbí abẹ́ ìbòrí òrùlé tí òjò kì í bà, tàbí inú ihò tóóró láàárín kọnkéré àti ògiri, níbi tí gbòǹgbò kò ti ráyè nà. Gbòǹgbò tí kò ráyè kò lè fa omi púpọ̀, ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe fún èyí tó wà ní gbangba ni kòkò ń ṣe fún un. Àpẹẹrẹ yìí tì wá lẹ́yìn ni.

Àtakò tó wúwo jù ni pé: bí gbígbẹ bá ń mú òdòdó wá, kí ni a tún ń bomi rin ín sí? Ìdáhùn ni pé gbígbẹ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú kíkú. Ìtàkùn tí kò tíì pé ọdún kan kò tíì ní gbòǹgbò tó jinlẹ̀; bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọyẹ́, yóò gbẹ dé ìdí. Èyí tó ti dàgbà náà ń fẹ́ omi, ṣùgbọ́n omi tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ilẹ̀ sì gbẹ lójú kí a tó tún bu òmíràn. Kì í ṣe ṣọ́ọ́rọ́ṣọ́ọ́rọ́ lójoojúmọ́. Ewé ni yóò sọ àkókò fún wa: bó bá ń rọ díẹ̀ ní ọ̀sán, tó sì jí padà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì bẹ̀bẹ̀; bó bá rọ títí di àárọ̀, omi ti yá.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ ní ibi púpọ̀, omi kì í dúró lójú rẹ̀ pẹ́, bẹ́ẹ̀ bougainvillea kórìíra kí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tàbí tó wà ní ìsàlẹ̀ tí àgbàrá ń gbà, ebè ni kí a kọ, kí a sì gbìn ín sórí rẹ̀, bí a ti ń ṣe fún iṣu.

7.5 Gbígbìn

Ẹ̀ka ni a fi ń gbin bougainvillea, nítorí pé hóró rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, èyí tó bá sì hù lè má jọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀ka tó ti gbó díẹ̀ ni kí a yàn, tó nípọn tó pẹ́ńsù, kí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ojú mẹ́ta ó kéré tán wà lára rẹ̀. A ń gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, a sì ń gé òkè rẹ̀ ní títẹ́jú, kí a má baà dorí rẹ̀ kodò nígbà tí a bá ń gbìn ín. A ó já ewé rẹ̀ dànù, a ó sì gún un sínú ọ̀rá dúdú tí a ti po yanrìn àti erùpẹ̀ òkè ilẹ̀ pọ̀ sí, tí a sì ti lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde. Abẹ́ ibòji ni yóò wà fún ìgbà yìí. Níbí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kùnà: ewé tuntun á yọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á rò pé ó ti mú, wọ́n á sì fà á tu láti wò ó. Oúnjẹ tó wà nínú igi tẹ́lẹ̀ ni ewé àkọ́kọ́ ń lò. Gbòǹgbò lè má tíì sí rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá ni kí a fún un.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní oṣù Igbe sí Ẹ̀bìbì (oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún), ni ó dára jù láti gbé e lọ sí ojú ilẹ̀, kí gbòǹgbò lè rídìí jókòó kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ihò rẹ̀ yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, yóò sì jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 60. Gbòǹgbò bougainvillea tín-ín-rín, ó sì ń já kíákíá, nítorí náà a kì í fà á jáde nínú ọ̀rá. A ń fi abẹ ya ọ̀rá náà, a ó sì rọra gbé ọ̀gbìn àti erùpẹ̀ rẹ̀ sínú ihò lódindi. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa, tí a pò mọ́ erùpẹ̀ ihò náà, ti tó o fún ọdún àkọ́kọ́. Bí a bá fẹ́ lo ajílẹ̀ inú àpò lẹ́yìn náà, NPK 15-15-15 díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò sàn ju yúríà lọ. Nínú kìlógíráàmù 100 yúríà, náítírójìn jẹ́ 46, a sì ti rí ohun tí náítírójìn ń ṣe ní ìpín 7.3. Ọ̀pá ọparun tàbí wáyà ni a fi ń tọ́ ọ sọ́nà, àkísà la sì fi ń dì í, kì í ṣe wáyà líle, tí yóò bẹ́ èèpo rẹ̀ bó bá ń sanra.

7.6 Gígé

Rírẹ́ ni gígé ẹ̀ka tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láti darí bí ọ̀gbìn yóò ṣe dàgbà àti ìgbà tí yóò tanná. Ẹ jẹ́ ká bi bougainvillea ní ìbéèrè clematis: orí igi tuntun ló ti ń tanná. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀ka tó ti tanná tán kò ní ohun púpọ̀ láti fún wa mọ́, àfi bí a bá gé e kó lè yọ òmíràn. Ó tún túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ń fi àlùmọ́gàjí tẹ́jú rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kó lè dán bí ògiri, ń gé òdòdó ọ̀la dànù kó tó yọ. Fẹ́ǹsì tó tẹ́jú tí kò ní òdòdó kankan, tó sì pọ̀ nílùú, ọwọ́ ènìyàn ló fà á.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó. Rírẹ́ ńlá ni ti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, lẹ́yìn ìtànná ẹ̀ẹ̀rùn: a lè mú ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn ẹ̀ka kúrò, kí a sì yọ igi gbígbẹ àti èyí tó ń há ara wọn láàárín. Òjò yóò mú kí ẹ̀ka tuntun yọ. Rírẹ́ kékeré ni ti nǹkan bí ìparí oṣù Ọwẹwẹ: orí ẹ̀ka tó gùn jù nìkan ni a ń já. Èyí tó bá yọ lẹ́yìn rẹ̀ yóò ti gbó díẹ̀ nígbà tí òjò bá dá, ojú rẹ̀ yóò sì bá oòrùn Bélú pàdé. A kì í rẹ́ ẹ ní àárín ọyẹ́. Ibọ̀wọ́ tó nípọn ṣe pàtàkì; ẹ̀gún rẹ̀ ń wọlé jìn, ojú ibi tó gún sì lè wú.

Ní ti kòkòrò, ìdààmú kò pọ̀. Bí nǹkan funfun bí òwú bá ń lẹ̀ mọ́ ìdí ewé, omi ọṣẹ tàbí omi ewé dongoyárò tí a fọ́n sí i ní ìrọ̀lẹ́ máa ń dín in kù.

7.7 Ìtàkùn ìgbà òjò, àti ọ̀rọ̀ Ojúde Ọba

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, nígbà tí àwọn régbèrégbè, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, máa ń wá kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ọ̀pọ̀ ilé sì máa ń tún ojúde wọn ṣe dè é. Ní 2024, ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Òkúdu. Ní 2025, ọjọ́ kẹjọ oṣù náà ni. Àárín òjò ni méjèèjì. Onílé tó bá gbẹ́kẹ̀ lé bougainvillea nìkan yóò gba àlejò pẹ̀lú ewé. Ọdún òṣùpá ni ọdún Iléyá ń tẹ̀ lé, bíi ọjọ́ mọ́kànlá ló sì fi ń tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi bọ́ sí oṣù Ẹrẹ́nà (oṣù kẹta) ní nǹkan bí 2033, nígbà tí bougainvillea ṣì ń tanná. Títí di ìgbà náà, ìtàkùn tí kò kọ òjò ni ọgbà ojúde ń fẹ́ kún un.

Mẹ́ta ló yẹ kí a mọ̀. Allamanda ní òdòdó ńlá aláwọ̀ ìyeyè. Kò ní ìwọ̀, kò ní ọwọ́, fífara ti nǹkan ló ń ṣe, nítorí náà a gbọ́dọ̀ dì í. Oje funfun ara rẹ̀ ń yún ni, ó sì lè ba inú jẹ́. Combretum indicum ń ṣí òdòdó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ní funfun, kó tó di ọjọ́ kejì ó ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, lẹ́yìn náà ó di pupa, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdì kan ṣoṣo fi ń ní àwọ̀ mẹ́ta pọ̀. Òórùn dídùn rẹ̀ ń le lálẹ́, nítorí pé àwọn àfòpiná ńlá ni òdòdó funfun náà ń pè. Ó ń dàgbà kíákíá, a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ láìrẹ́. Clerodendrum thomsoniae ni ẹ̀kẹta, ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gan-an: àpò funfun ní òdòdó pupa bí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Ní àwọn ọdún 1860 ni àwọn onímọ̀ Yúróòpù sọ ọ́ lórúkọ, láti fi bu ọlá fún ìyàwó míṣọ́nnárì kan tó ṣiṣẹ́ ní Calabar, William Cooper Thomson. Ìtàkùn alọ́ ni, ó sì fara da ibòji díẹ̀, ohun tí bougainvillea kò lè ṣe. Òfin gbígbẹ tí a kọ́ kò kan òun àti allamanda bákan náà. Àwọn méjèèjì ń fẹ́ kí ilẹ̀ tutù díẹ̀ nígbà gbogbo.

Gloriosa, tí àwọn kan ń pè ní ewé ajé, ń hù fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ó sì lẹ́wà púpọ̀, pupa àti ìyeyè bí ahọ́n iná. Orí ewé rẹ̀ ló di ọwọ́ tó fi ń gùn. Ṣùgbọ́n májèlé wà ní gbogbo ara rẹ̀, pàápàá nínú iṣu abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti kú ní ilẹ̀ Éṣíà nítorí pé wọ́n ṣì í mú fún iṣu jíjẹ. Ní agbègbè tí gbogbo ilé ti ń gbin ewùrà, kò yẹ nínú ọgbà tí ọmọdé wà, kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ oko iṣu.

7.8 Àwọn tí kò fẹ́ ìtàkùn nílé

Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni pé ìtàkùn a máa fa ejò wọlé. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, nítorí ẹ̀rù náà ní ìdí. Ejò ń tọ èkúté, alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn, ó sì ń fẹ́ ibi tó lè fara pamọ́ sí. Ìtàkùn tó di jágbajàgba nílẹ̀, tí ewé gbígbẹ kún ìdí rẹ̀, ń pèsè méjèèjì. Ṣùgbọ́n òkìtì búlọ́ọ̀kù, pákó tó dojú délẹ̀ àti ààtàn ẹ̀yìnkùlé ń pèsè wọn bákan náà. Ìdí jágbajàgba náà ni ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá rẹ́ gbogbo ẹ̀ka ìsàlẹ̀ títí dé bíi mítà kan sókè, tí a sì ń gbá ìdí rẹ̀ mọ́, igi kan lásán ni yóò wà nílẹ̀, ejò kò sì ní rí ibi sá sí lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn ń sọ pé yóò ba fẹ́ǹsì jẹ́. Èyí tòótọ́ nípa ìtàkùn alẹ̀mọ́, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń bá ọ̀dà ògiri jáde nígbà tí a bá fà á. Oníwọ̀ àti alọ́ kì í lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìwọ̀n wọn ni ewu tiwọn: bougainvillea tó ti pọ̀ láìrẹ́ fún ọdún púpọ̀ lè wúwo ju ohun tí fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù tí kò ní òpó lè gbà lọ, pàápàá nígbà tí ìjì bá ń jà. Rírẹ́ ọdọọdún àti òpó tirẹ̀ ni ojútùú.

Àtakò kẹta ni pé ilẹ̀ tí a lè gbin ẹ̀fọ́ sí kò yẹ fún òdòdó. Ó tọ́ kí oúnjẹ ṣáájú. Ṣùgbọ́n òkè ni ìtàkùn ń lọ. Ihò tó fẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 45 kò lè gbé tẹ̀tẹ̀ tí yóò bọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ó lè bo fẹ́ǹsì mítà méjì. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ, kó sì wò, lè gbin passion fruit, ìtàkùn ọlọ́wọ́ tí òdòdó rẹ̀ dára, tí èso rẹ̀ sì ṣeé mu. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀ka tí a rẹ́ dànù jẹ́ ọjà: nínú rírẹ́ ńlá ìtàkùn kan, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń jáde tó tó gbìn sínú ọ̀rá, àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì sì ń fi irú rẹ̀ jẹun. Iṣẹ́ yìí ní ilé ìwádìí tirẹ̀ pàápàá, nítorí ọ̀gbìn ẹ̀ṣọ́ wà nínú ohun tí NIHORT, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975, ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Kókó fún àtúnyẹ̀wò

Ọ̀nà tí ìtàkùn ń gbà gùn ló ń sọ irú ohun tí a ó fi tì í. Ojú kan náà lára bougainvillea lè di ẹ̀gún tàbí òdòdó. Oòrùn púpọ̀, ilẹ̀ tó gbẹ díẹ̀ àti náítírójìn tí kò pọ̀ ń tì í sí ọ̀nà òdòdó. Orí igi tuntun ló ti ń tanná, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ìparí oṣù Ọwẹwẹ ni a ń rẹ́ ẹ.

Ìdánrawò

1. Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ewé ẹ̀ṣọ́ àti àwẹ́ òdòdó. Èwo la ń rí lára bougainvillea?

2. Onílé kan ń bomi rin bougainvillea rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń fi yúríà sí i lóṣooṣù. Kò tanná láti ọdún méjì. Sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ojú tó wà ní ẹsẹ̀ ewé rẹ̀, kí o sì to ohun tí onílé náà yóò ṣe láti oṣù Igbe títí dé oṣù Bélú.

3. Kí nìdí tí gígùn ọ̀sán nìkan kò fi lè ṣàlàyé ìtànná bougainvillea ní Ìjẹ̀bú-Òde? Nǹkan méjì wo ló tún wà níbẹ̀?

4. Bí Ojúde Ọba bá bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ oṣù Òkúdu ní 2025, tó sì ń fi bíi ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé lọ́dọọdún, oṣù wo ni yóò bọ́ sí ní 2029? Ìtàkùn wo ni ìwọ yóò gbìn sí ojúde ilé fún ọdún náà, kí sì ni ìdí rẹ?

5. “Ìtàkùn a máa fa ejò wọlé.” Kọ ìpínrọ̀ kan tó fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, àti òmíràn tó ta kò ó. Ẹ̀rí ni kí o lò nínú méjèèjì.

6. Iṣẹ́ àṣefọwọ́ṣe: Wá bougainvillea kan tí apá kan rẹ̀ wà nínú oòrùn, tí apá kejì wà lábẹ́ ibòji. Yan ẹ̀ka márùn-ún ní apá kọ̀ọ̀kan, ka ojú ogún lára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láti orí wá sísàlẹ̀, kí o sì kọ iye tó di ẹ̀gún àti iye tó di òdòdó sílẹ̀. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Agẹmọ, kí o tún un ṣe lára ìtàkùn kan náà ní oṣù Ọ̀pẹ. Fi iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra, kí o sì sọ èyí tó yí padà jù: ti oòrùn àti ibòji ni, tàbí ti òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn?